Okùn Ìwọ̀n Tí Kò Níyọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó lá okùn náà.

Sájẹ́ǹtì tó dúró ti tábìlì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún yára wò ó padà láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ lohun tí ojú òun rí. Obìnrin tí wọ́n rán wá láti olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, yọ okùn ìwọ̀n náà jáde nínú àpò ọ̀rá, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì dijú bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

"Mà," Sájẹ́ǹtì ní, "ẹ̀rí ọ̀ràn ikú mà nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi lá a nìyẹn. Bá mi bu omi wá."

Má-kánjú ni gbogbo wọn ń pè é tí ó bá ti yíjú padà. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Ọ̀ràn tí ẹlòmíràn máa fi ọjọ́ méjì parí, òun lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yí i po. Ṣùgbọ́n kò sáyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ti lù. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, wọ́n máa gbé bàbá kan lọ sí kóòtù, láti kóòtù ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Má-kánjú ti rí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà rí, ó mọ̀ pé èémí bàbá yẹn kò ní bá a dé ìparí oṣù níbẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò lọ́jú pọ̀ lójú Sájẹ́ǹtì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní ilé ìwádìí òkun tó wà létíkun, Akàja ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mòòkùn dé ìsàlẹ̀ òkun, kó ta okùn ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà sórí òkúta iyùn, kó máa wẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, kó sì máa ka gbogbo ẹja tó bá rí lọ́tùn-ún lósì. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ iye wọn sórí síléètì oníke funfun, torí pé pẹ́ńsù máa ń kọ̀wé lábẹ́ omi. Ọjọ́ Ẹtì ló jáde nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀ létíkun, aṣọ ìmòòkùn wà lọ́rùn rẹ̀, ìgò atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

"Síléètì rẹ̀ àti okùn rẹ̀ la bá lábẹ́ bẹ́ǹṣì nínú ọkọ̀ ojú omi tí bàbá yẹn, Atukọ̀, ń wà," Sájẹ́ǹtì ní. "Wọ́n ti nu síléètì ọ̀hún, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn sì gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tí bàbá yẹn ń pariwo mọ́ ọmọ náà ní èbúté. Ó gbé e lọ, ó fi í sílẹ̀ sójú òkun, ó gbàgbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Kí ló tún kù?"

"Ó kù kí ìwọ náà lá a."

"Mà?"

"Lá a wò."

Sájẹ́ǹtì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń wò ó, ó wá yọ ahọ́n ṣóńṣó. "Kò níyọ̀. Ó kàn gbẹ mí lẹ́nu díẹ̀."

"Má gbàgbé gbígbẹ yẹn." Má-kánjú fa fìlà Atukọ̀ àti okùn ìdákọ̀ró rẹ̀ sún mọ́ra, èyí tí wọ́n kó nínú ọkọ̀ kan náà. Ó fi èékánná ha fìlà, iyọ̀ funfun sì dà sórí tábìlì. "Gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ni iyọ̀ ti jẹ. Okùn ìwọ̀n yìí wọ òkun, wo ewéko òkun tó há sí ìdí irin tó wà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló gbẹ sí láti Ọjọ́ Ẹtì, ó yẹ kí iyọ̀ ti mú un le gbagidi. Òjò rọ̀ bí?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn."

"Ẹnì kan ti fọ̀ ọ́ nìyẹn. Ta ló máa pa èèyàn tán, tó tún máa jókòó fọ okùn?"



Ní ìta yàrá àtìmọ́lé, ìyàwó Atukọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oògùn àfàsẹ́nu ọkọ rẹ̀ nínú ọwọ́. Wọn kò jẹ́ kó wọlé láti àná. Má-kánjú gba oògùn náà, ó mú un wọlé fúnra rẹ̀, ó dúró títí bàbá náà fi fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó bi í ní nǹkan kan.

"Ẹ kú àdánwò, Bàbá. Kí lẹ ń pariwo lé lórí ní Ọjọ́bọ̀?"

"Òkun ń ru, àyà sì ń dùn mí." Ohùn rẹ̀ ti há. "Mo ní kí ọmọ náà dúró dè mí títí Ọjọ́ Ajé. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dúró dè. Mo ní ṣé òun nìkan ló fẹ́ dá lọ ni? Ó ní rárá, òun kò dá lọ. Mi ò bi í pé ta ni. Ẹ wò ó, ìyá mi, ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ó yẹ kí n bi í."

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ara ìṣó ló wà ní ilé ìwádìí. Ẹni tó bá nawọ́ á mú un."

"Ẹ̀yin a máa fọ okùn yín?"

Bàbá náà wò ó bóyá orí rẹ̀ pé. "Fọ kẹ̀? Òkun ló ń lò ó, òkun náà ló ń fọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń wẹ̀ fún ohun gbogbo bí ọmọ tuntun. Ohunkóhun tó bá ti kan òkun, wọ́n gbọ́dọ̀ rì í sínú omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó jẹun. Ọ̀gá ilé ìwádìí ló fi òfin yẹn lélẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́."

"Ọ̀gá náà, ṣé ó ṣì ń mòòkùn?"

"Ọ̀gá? Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wọ omi gbẹ̀yìn. Etí ń dùn ún. Ó máa jókòó sínú ọkọ̀ mi, á tẹjú mọ́ omi, á máa kọ̀wé. Mo rò pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe é nìyẹn." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n so títí tó fi kú."

Má-kánjú fi oògùn náà sí i lọ́wọ́, kò mú un jáde. Kò bófin mu, ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ilé ìwádìí òkun jẹ́ ilé alájà kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gbẹ rí. Obìnrin kan ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó kún fún ìgò láti ilẹ̀ dé àjà. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹja tàbí akàn tàbí ìṣáwùrú wà nínú ọtí líle, pẹ̀lú bébà kékeré tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí. Òun ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìgò.

"Wọ́n ní ẹ bá olóògbé jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mà," Má-kánjú ní.

"Mo bá a jà." Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́. "Ó kó ìgò mẹ́fà mi, kò dá wọn padà. Mo ní kó má fẹsẹ̀ kan yàrá mi mọ́. Kò sì fẹsẹ̀ kàn án mọ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn." Ó fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú, àánú rẹ̀ sì ṣe Má-kánjú gidigidi.

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ síwájú. Ara rẹ̀ ti ń yá gágá. "Ẹ̀yin náà lè mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lára ìṣó, àbí? Ẹ sì máa ń fọ nǹkan."

"Ọkọ̀? Èmi?" Ìyá Ìgò bojú wo ojú fèrèsé, níbi tí òkun ti ń kọ mọ̀nà. "Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jẹun lára òkun, mi ò tíì jẹ́ kó kan orúnkún mi rí. Bí mo bá wọ ọkọ̀, òkú mi lẹ máa gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Ara Sájẹ́ǹtì rọ̀ wọ̀ọ̀. Má-kánjú ní kí ìyá náà fi ibi tí wọ́n ti ń fọ nǹkan han òun. Táǹkì sìmẹ́ńtì kan ni lẹ́yìn ilé, tí ẹ̀rọ omi wà lórí rẹ̀, tí okùn ìwọ̀n mẹ́ta sì fi kọ́ sára ògiri lábẹ́ òrùlé.

"Ní Ọjọ́ Ẹtì, aago mélòó lẹ dé?"

"Mẹ́sàn-án, bí ìṣe mi. Ilẹ̀ ìdí táǹkì yìí tó máa ń gbẹ mọ́jú ti tutù kí n tó dé. Mo rò pé Akàja ló ti òkun dé ní kùtùkùtù, tó ń yẹra fún mi." Ìyá Ìgò wo táǹkì náà. "Òun kọ́ ni, àbí?"

"Òun kọ́, mà. Tí ẹ bá fọ okùn tán, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A ó gbé e kọ́ síbí kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó tán."

"Ẹ kì í fi nǹkan kan pa á?"

"Bíi kí ni?"

Má-kánjú kò sọ ohun tó ń wá. Ó mú ọ̀kan nínú okùn ara ògiri, ó tú u, ó rì í sínú táǹkì títí ó fi mumi yó. Ó wá gbé e wọlé bẹ́ẹ̀, ó lọ́ wọ́jọwọ̀jọ, omi sì ń kán tó-tó-tó láti ẹ̀yìn ilé títí dé ọ́fíìsì Ọ̀gá. Sájẹ́ǹtì ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ilé ìwádìí jẹ́ àgbàlagbà tó mọ́ tónítóní, tó ń yí orí díẹ̀ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó dìde kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wọn ní àga. Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ẹja kíkà ti ọdún mẹ́tàlélógún wà ní tító, ẹ̀rọ awò-ohun-tín-ín-rín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, agolo àtíkè ọmọdé kan sì wà láàárín. Má-kánjú rí agolo náà, kò sì tún wo ibẹ̀ mọ́. Ó gbé okùn tútù yẹn kalẹ̀ gbàǹgbà sórí tábìlì ọ̀gá, níwájú rẹ̀ gan-an.

"Ẹ má bínú, sà, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni. Níbo lẹ wà ní Ọjọ́ Ẹtì?"

"Nínú yàrá yìí. Ìròyìn ọdún ni mo ń kọ." Ojú rẹ̀ kúrò lára Má-kánjú, ó bọ́ sórí okùn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ Akàja níṣẹ́?"

"Èmi ni. Kò sí ẹni tí mo kọ́ tó dára tó o." Ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu okùn náà láti orí rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mòòkùn gbẹ̀yìn, sà?"

"Oṣù kẹta ọdún yìí."

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ojú àgbàlagbà náà mọ́lẹ̀. Ó ròyìn òkúta iyùn tó ga ju èèyàn lọ, ewéko tó ń fì síwá fì sẹ́yìn, ẹja abilà tó ń tò wọ abẹ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti rí òjìji òmùwẹ̀. Ó ròyìn rẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí Sájẹ́ǹtì gbàgbé pé iṣẹ́ ló gbé òun wá. Bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó nu okùn náà tán, ó nawọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó gbé agolo àtíkè, ó wọ́n ọn sórí okùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì ká a pọ̀ rọ́gbọ́rọ́gbọ́ títí ó fi dé òpin.

Má-kánjú dúró títí ó fi parí. Kò kánjú.

"Ẹ ṣeun, sà. Sájẹ́ǹtì, lá a wò."

Lọ́tẹ̀ yìí Sájẹ́ǹtì kò wo ẹ̀yìn. Ó lá a, ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Bákan náà ni, mà. Ó gbẹ mí lẹ́nu."

"Àtíkè ni," Má-kánjú ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Okùn aláṣọ ni wọ́n ń lò nígbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, àbí? Ó máa ń jẹrà, ẹ sì máa ń fi àtíkè pa á kó lè gbẹ. Oníke ni gbogbo okùn yìí báyìí, kò sí ẹni tó ń pa á ní nǹkan kan mọ́ àfi ẹ̀yin. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ fọ okùn Akàja, ẹ pa á ní àtíkè, ẹ sì fọ síléètì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ kó méjèèjì lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì nínú ọkọ̀ tí Atukọ̀ ń wà."

Àgbàlagbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí àtíkè ti sọ di funfun, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Má-kánjú fa ìwé mẹ́rin tó kẹ́yìn lórí pẹpẹ, ó ṣí wọn. "Ọdún mẹ́rin, sà. Ẹja abilà: àádọ́ta. Méjìdínláàádọ́ta. Àádọ́ta. Mọ́kànléláàádọ́ta. Mi ò mọ nǹkan kan nípa òkun, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun ẹlẹ́mìí kan tí kì í dín, tí kì í pọ̀ ju báyìí lọ. Atukọ̀ ní inú ọkọ̀ lẹ máa ń jókòó sí tí ẹ ń kọ̀wé."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti ọ̀gá yìí kò ju ọdún mẹ́rin lọ, ó sì jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Etí mi ni," ó ní. "Dókítà ní tí mo bá tún mòòkùn, mo máa di adití. Mo ní kí n fi ìrántí kọ ti ọdún kan péré, títí a ó fi rí ẹlòmíràn. Mo mọ ibẹ̀ ju ilé mi lọ. Ọdún kan di méjì. Ìjọba ń ka ìwé mi, wọ́n ní ẹja ṣì pọ̀, kí àwọn ọkọ̀ tó ń fa yanrìn máa báṣẹ́ lọ. Èmi kò mọ̀ pé yanrìn ti ń bo òkúta náà mọ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀."

"Akàja wá mòòkùn."

"Kò rí ẹja kankan, ó rò pé òun ṣìnà, pé ibẹ̀ kọ́ ni mo ti ń kà wọ́n. Ó ní ká jọ lọ, kí n lè fi hàn án. Ó bọ́ sómi ní kùtù Ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó jáde, ó kọ́kọ́ na okùn àti síléètì sí mi, bí mo ṣe kọ́ ọ: ẹrù ṣáájú, èèyàn tẹ̀ lé e. Mo wo síléètì. Òdo. Òdo. Òdo. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀. Ó na ọwọ́ kí n fà á sókè, ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún ìwé náà kọ.' Ọwọ́ mi ti wà lára ẹ̀rọ ọkọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Mo kàn fẹ́ jìnnà sí i díẹ̀ kí n ronú ni. Mo padà. Bóyá kò tó ogún ìṣẹ́jú. Omi ti wọ́ ọ lọ."

"Ṣé ó pè yín?"

"Etí mi kò gbọ́ dáadáa."

"Sà."

"Ó pè mí. Mo gbọ́ ìyẹn."

Sájẹ́ǹtì ti jáde lọ pe àgọ́ ọlọ́pàá lórí fóònù pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Atukọ̀. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Má-kánjú mú síléètì funfun náà jáde nínú àpò rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù kan lórí tábìlì, ó dà á dẹ̀gbẹ́, ó sì ń rọra fi dúdú rẹ̀ pa ojú síléètì. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó ń kọ̀wé lábẹ́ omi máa ń tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ gan-an. Fífọ̀ lè mú dúdú kúrò, kò lè mú ojú ibi tó tẹ̀ kúrò. Òdo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní funfun láàárín dúdú náà, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, mẹ́sàn-án. Ìlà kẹwàá wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju bó ti ṣe rò lọ. Ó wá yí síléètì náà sí àgbàlagbà náà.

*Abilà, 1. Ọmọ kékeré. Inú Ọ̀gá á dùn.*

Nígbà tí wọ́n ń mú Ọ̀gá jáde, Atukọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu géètì. Bàbá náà kò tíì relé, ó ní ọkọ̀ náà lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Kò sí ẹni tó tíì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì rí ojú Má-kánjú, ó mọ ìyókù. Ìyàwó rẹ̀ dì í lápá mú.

Ọ̀gá dúró níwájú Atukọ̀. Kò tọrọ àforíjì. Bóyá kò mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀. Ó yí orí rẹ̀ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe, kó lè gbọ́ ìdáhùn.

"Ó ní òun rí abilà kan," ó ní. "Ọmọ kékeré. Ṣé ìwọ náà rò pé wọ́n ń padà bọ̀?"

Atukọ̀ wò ó títí. Èémí ń dún fée-fée láyà rẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi kò mọ ohun tó wà lábẹ́ omi," ó ní. "Ohun tí ẹ bá sọ fún wa la máa ń gbà gbọ́."